Ọwọ́ Lára Ògiri

Mo dé Ìgbéìn lọ́jọ́ Ẹtì, oòrùn ń relé,
àpò kan lápá, orí ń fọ́ mi láti Ṣágámù.
Múkáílà ṣí géètì, ó ní, "Ẹ kú ewu ọ̀nà.
Yàrá wa ò ní nọ́ńbà o, àwọ̀ la fi ń pè wọ́n.
Ẹfun wà lókè, Osùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga,
ẹnìkan ti gba méjèèjì. Èlú ló kù."
Mo ní, "Ẹ fún mi ní Èlú."

Ọgbà náà dàgbà ju gbogbo wa lọ.
Àwọn Sàró ló gbin mángòrò tó tẹ̀ sórí ọ̀dẹ̀dẹ̀,
wọ́n kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n fi òkúta ṣe àtẹ̀gùn,
wọ́n kú, àwọn ọmọ wọn fọ́n ká bí èèpo ẹ̀pà létí atẹ.
Nísinsìnyí, ayàwòrán ló ni gbogbo igun.
Ewúrẹ́ kan wà lábẹ́ igi, ṣéènì kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi rọ ọ́;
ewúrẹ́ gidi kan, ti aládùúgbò, ń fimú kàn án,
kò tíì gbà pé ẹni tí kò dáhùn kì í ṣe ẹbí òun.

Mi ò sọ fún Múkáílà pé mo mọ ilé náà.
Mi ò wọ̀ ọ́ rí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n.
Ìyá ìyá mi, Ṣìkírátù, ọmọ ọdún mọ́kànlá,
ni wọ́n mú wá láti abúlé kan lójú ọ̀nà Ọdẹ́dá
pé kó máa fọṣọ, kó máa fi áyọ́ọ̀nù eléèédú
tẹ kọ́là bàbá tó ń ka ìwé ìròyìn ní pálọ̀.
Aṣọ méjì lọ́dún, àti oúnjẹ.
Ó ní ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn lòun ń gbà fún ọdún mẹ́sàn-án,
òun ò mọ bí àtẹ̀gùn iwájú ti rí lẹ́sẹ̀.

Èmi gba iwájú. Mo ka àtẹ̀gùn náà: mẹ́tàlá.
Ìkẹjọ ti là.

"Ibí ni wọ́n ti ń lọṣọ láyé àtijọ́," ni Múkáílà wí,
ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, ó lọ tan jẹnẹrétọ̀.
Obìnrin kan tó ń jẹ́ Ọ̀dúntan ló kun yàrá náà,
oṣù mẹ́ta, láti àjà títí kan ilẹ̀:
ó ya ẹja, ó ya òkè, ó ya páànù tó ti dípẹtà,
nínú aró tó jìn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ bàtà
kí n tó wọlé, bí ẹni fẹ́ la odò kọjá.
Àmọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fi ibì kan sílẹ̀ láìkùn,
ògiri ẹfun àtijọ́, kò fẹ̀ ju àwo oúnjẹ lọ,
ó fi férémù onígi yí i ká bí ẹni pé òun ló yà á.

Ọwọ́ ni. Ọwọ́ ọmọdé, nínú aró,
ìka mẹ́rin, àti ààbọ̀ ìkarùn-ún.

Ọmọńdinrín ìyá àgbà kò pé.
Ilẹ̀kùn ló gé e. Ilẹ̀kùn ibo, kò sọ fún wa rí.

Ó lè jẹ́ tirẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé
aró ni kò dé ìka ọmọ ẹlòmíràn.
Mo gbé ọwọ́ tèmi lé e, ó bò ó mọ́lẹ̀,
ni mo bá yára gbé e kúrò.
Nígbà tó yá, jẹnẹrétọ̀ kú. Nínú òkùnkùn
èyí tí wọ́n kùn àti èyí tí wọn ò kùn di ọ̀kan.

Láàárọ̀, wọ́n fi òdòdó sí ẹ̀gbẹ́ ẹyin díndín mi.
Múkáílà gbé ìwé àlejò wá, ó ní kí n dáhùn ìbéèrè:
orúkọ, ìlú, *níbo lẹ ti gbọ́ nípa wa?*
Mo kọ ọ́ síbẹ̀: *lẹ́nu ìyá àgbà.*
Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn àgbà ń polówó wa nìyẹn.

Mo ní kí n gba ẹ̀yìn jáde.
Kéèsì ọtí ẹlẹ́rìndòdò ti dí ẹnu ọ̀nà náà dé àtẹ́rígbà.
"Iwájú lẹ máa gbà, bàbá," ló wí,
"iwájú nìkan ló ṣí."