Gìgísẹ̀ Irin

Oṣù mẹ́ta gbáko, n kò fín nǹkan kan.
Òkúta ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́, òkúta àti òróró,
àti irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò gùn ju ìka àárín lọ.
"Pọ́n ọn," ni Ermete wí,
ó sì yíjú sí fèrèsé
níbi tí kùrukùru odò Pò ti gun òkè wá,
tó ti gbé gbogbo Valenza mì.

Mo pọ́n ọn títí ọrùn ọwọ́ mi fi ń dùn mí.
Màmá mi bi mí lórí fóònù: kí lo kọ́ lónìí?
Mo ní, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró lójú kan.
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, ṣé wọ́n ń sanwó ìyẹn ni?

Irin yìí ní ojú, ó ní ikùn, ó ní gìgísẹ̀.
Ojú rẹ̀ dagun ní dígírì márùndínláàádọ́ta.
Gìgísẹ̀ rẹ̀ kéré ju eyín èèrà lọ,
síbẹ̀ òun ló ń gbé e sókè díẹ̀
kó má baà rì sínú fàdákà bí ẹsẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀.
"Ojú ni gbogbo ayé ń wò," ni Ermete wí.
"Ìwọ, wo gìgísẹ̀.
Ìlà tí kò bá dán, gìgísẹ̀ tí kò dán ló bí i."

Ọdún méje sẹ́yìn ni ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.
Ife kọfí kì í dé ẹnu rẹ̀ kó má ta sílẹ̀.
Ṣùgbọ́n kó gbé irin lé òkúta báyìí,
gbígbọ̀n náà á dákẹ́
bí ajá tó gbọ́ ohùn olówó rẹ̀.
Ojú rẹ̀ ti ṣú. Etí ló fi ń pọ́n irin.
"Ó ń ha," á wí láti ìkángun yàrá,
"ó yẹ kó máa súfèé ni."
Èmi ò gbọ́ ìyàtọ̀,
àfi ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kọkànlá,
tí mo ṣàdédé gbọ́ ọ.

Ẹ má pe èyí ní ìpọ́njú.
Ojú irin ni mo ń pọ́n,
mo sì ń pọ́n irin lé.

Ọjọ́ náà ni Tullio Garzena wọlé,
àgbẹ̀ onírẹsì, ẹrẹ̀ ṣì wà ní bàtà rẹ̀,
òrùka ìyàwó rẹ̀ nínú áńkáṣíìfù.
"Ẹ bá mi fín Ersilia sínú rẹ̀.
Ogójì ọdún ló fi wọ òrùka tí kò lórúkọ;
a ò lówó fífín nígbà náà.
Sátidé ló ń bọ̀ láti ọsibítù."
Ermete ti òrùka náà sí mi.

E là. R là.
Níbi tí S ti fẹ́ yí, ṣóńṣó irin kán: tín.
Mo ń retí èébú.
Ó kàn ti òkúta sí mi ni.
Tullio jókòó, fìlà lórí itan, kò bèèrè nǹkan kan.
Òkúta líle, òkúta dídán, awọ tí a fi ìyẹ̀fun tútù pa.
Irin ń súfèé.
Mo fi ṣóńṣó rẹ̀ kan èékánná àtàǹpàkò mi:
bó bá yọ̀, kò tíì mú.
Kò yọ̀.

Àwọn lẹ́tà tó kù jáde,
wọ́n ń kọ mànà bí omi oko ìrẹsì
nígbà tí kùrukùru bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ká.

Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.
Irin Ermete ti di tèmi báyìí.
Èkù rẹ̀ tóbi jù fún àtẹ́lẹwọ́ mi,
igi píà tí ọwọ́ rẹ̀ ti jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan.
Ó ní kí n gé e kúrú.
N kò tíì gé e.