Ọnà àti Ọ̀nà

Ní Gunsan, létí òkun, níbi tí kùrukùru ti ń bo ọkọ̀ apẹja
títí oòrùn yóò fi wá ká a kúrò,
ilé oúnjẹ kékeré kan wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin:
núdù inú omi ìṣáwùrú, àga méjìlá, fèrèsé kan,
àti ẹ̀rọ onígíláàsì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí oníbodè.

Èmi ni mo ya ojú ẹ̀rọ náà.
Mo ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ bí ìyàwó ọ̀ṣìngín:
àwọ̀ eérú lórí àwọ̀ eérú, lẹ́tà wínníwínní,
bọ́tìnnì tó ń yọjú, tó tún ń fara pa mọ́.
Wọ́n fún mi ní àmì ẹ̀yẹ ní Seoul, mo gbé e kọ́ ògiri.
Ọnà ni mo ṣe. N ò la ọ̀nà.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan tí òjò ń rọ̀, ebi mú mi wọ ibẹ̀.
Ìyá arúgbó kan wọlé (Tak Okbun, mo gbọ́ orúkọ lẹ́yìn náà),
òórùn ẹja gbígbẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.
Ó gbé agbòjò pupa ti ògiri.
Ó fọwọ́ kan gíláàsì. Ẹ̀rọ bi í:
ṣé ẹ ó jẹ ẹ́ níbí ni, àbí ẹ ó gbé e lọ?
Ó ń tú báàgì, ó ń wá awò ojú.
Ẹ̀rọ ń kà: mẹ́wàá, mẹ́sàn-án, mẹ́jọ…
Kó tó fi awò sójú, ẹ̀rọ ti gbàgbé rẹ̀,
ó ti padà síbẹ̀rẹ̀,
ó ń kí i káàbọ̀ bí ẹni tí kò rí i rí.

Ẹ̀ẹ̀mẹta.
Lẹ́ẹ̀kẹta, ìlà ti gùn lẹ́yìn rẹ̀,
ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan mí kanlẹ̀.
Ìyá náà yíjú, ó tẹrí ba fún gbogbo wa:
“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Orí mi ni kò pé mọ́.”
Ó jáde sínú òjò. Agbòjò pupa kù síbẹ̀.

Núdù mi kò ṣeé gbé mì mọ́.
Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá yẹn, èmi ni mo yàn án,
lálẹ́ ọjọ́ kan, pẹ̀lú ìka ọmọ ọgbọ̀n ọdún,
ojú tó ríran kedere, ikùn tó yó.

Mo ròyìn fún Pyo Hanbyeol, ọ̀gá mi.
Kò bá mi wí. Ó ní: “Gbé àga, lọ jókòó síbẹ̀.
Má tọ́ka, má ràn wọ́n lọ́wọ́. Ṣáà máa wò.”
Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi wo ọwọ́ èèyàn.
Ìka apẹja tó le bí èèpo igi, gíláàsì kò mọ̀ ọ́n lára.
Abiyamọ tó ń fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ bọ́tìnnì.
Awakọ̀ takisí tó ń ra oúnjẹ kan náà lójoojúmọ́
torí pé àwòrán rẹ̀ ló wà lókè pátápátá,
bẹ́ẹ̀, kò fẹ́ràn rẹ̀.
Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á;
èmi tí mo rán an, n ò tíì kì í bọ ẹsẹ̀ rí.

Mo padà sídìí iṣẹ́. Mo jẹ́ kí lẹ́tà sanra.
Mo yọ kíkà kúrò.
Mo fi bọ́tìnnì kan sísàlẹ̀: “Mo ṣì í tẹ̀, ẹ dá mi padà.”
Mo fi òmíràn sí i: “Ẹ bá mi pe èèyàn,”
torí ọ̀nà kan ò wọ ọjà.
Kò lẹ́wà tó ti àná.
Ẹnì kan ní Seoul bi mí bóyá ara mi kò yá.

Ìyá Okbun padà wá nígbà ìrì dídì, agbòjò rẹ̀ ló wá gbà.
Ó wá awò ojú. Ẹ̀rọ dúró dè é.
Ó nu awò náà. Ẹ̀rọ dúró dè é.
Ó ṣì í tẹ̀, ó padà, ó tún un tẹ̀.
Núdù dé, ooru rẹ̀ bo awò ojú rẹ̀.
Kò wẹ̀yìn wo ẹ̀rọ, kò bi wọ́n pé ta ló ṣe é.
Ó bu ata sí i, ó ń jẹun lọ.

Nígbà tó jáde, ó tún gbàgbé agbòjò náà.