Píìnì Kan fún Ìwé Méjì

Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń jókòó sẹ́yìn gíláàsì yìí
ní ilé ẹjọ́ Tamarack, níbi tí yìnyín ti ń bo ẹnu ọ̀nà.
Ẹni tó bá kan gíláàsì, orúkọ ló gbé wá:
orúkọ ọmọ, orúkọ àfẹ́sọ́nà, orúkọ aládùúgbò tí wọn ò fẹ́ràn.
Mi ò kí í béèrè ìdí.
Ìwé ìlú ni, ọmọ ìlú ló ni ín.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Orval Tveit wọlé,
bàtà rẹ̀ ń ṣomi, fìlà wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni wá kí olóòkú.
"Kirsa," ó ní, "ọmọ ọmọ mi. Onílé kọ̀ ọ́ ní yàrá.
Ó ní òun rí orúkọ rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ó ní olè ni."

Mo ní kó sọ orúkọ náà lódidi, àti ọjọ́ ìbí,
torí Kirsa Tveit méjì ló wà lọ́dọ̀ wa,
èkejì ti kú láti ọdún tí afárá wó.
Mo tẹ̀ ẹ́. Ojú ewé kan péré ló jáde.
Ó wọ awò rẹ̀. Ìka rẹ̀ ń gbọ̀n lórí ìlà.
"Nọ́ńbà yìí ńkọ́?" Ti ìwé ni, kì í ṣe ti ẹlẹ́wọ̀n.
"Aago mọ́kànlá alẹ́?" Ìgbà tí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ nìyẹn;
ó lè jẹ́ pé ọ̀sán ni wọ́n ti mú un.
"Ibi tí wọ́n wá kọ olè sí yìí?"
Mo dákẹ́ díẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń ṣubú.

Ohun tí ọlọ́pàá rò ni, Bàbá,
ohun tó rò lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nínú òtútù, pẹ̀lú bírò tí ò yọ dáadáa.
Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà;
ìwé yìí ò tilẹ̀ tíì dá ẹjọ́ kankan,
ẹnu ẹnìkan ló gbé dání, ó dúró, ó ń retí ẹnì kejì.
"Mú" ni wọ́n kọ. Wọn ò kọ "jẹ̀bi".
Okùn kan náà la fi ń so ẹran tó jẹ oko
àti èyí tó kàn ń kọjá lọ.

"Ibo wá ni ẹnì kejì wà?"
Àjà òkè. Ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé.
Ẹ ka nọ́ńbà yìí fún wọn, ẹ ní ìwé ẹjọ́ lẹ fẹ́,
kẹ́ ẹ bi wọ́n pé: báwo ló ṣe parí?

Ó gun àtẹ̀gùn. Mo ń ka ẹsẹ̀ rẹ̀: mẹ́rìnlélógún.
Mo jẹ búrẹ́dì mi. Fóònù dún, ẹnìkan ń wá orúkọ ọ̀gá rẹ̀.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó ti dé fìlà.
Ẹ̀gbà ọrùn náà ò kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rí,
ẹ̀yìn àpótí owó ló já bọ́ sí.
Lọ́jọ́ kọkànlá, agbẹjọ́rò ìjọba kọ ìlà kan, ó pa fáìlì dé.
Kò sí ẹ-jọ̀wọ́ nínú ìlà náà.
"Kí ló dé tí ìwé ìsàlẹ̀ ò gbọ́?" ó bi mí.
"Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlélógún péré ni."

Mi ò fèsì.
Orúkọ tèmi náà wà nínú àpótí irin tó wà lẹ́yìn mi,
láti ìgbà èwe, nítorí ọkọ̀ tí mi ò jí.
Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni mo wá a rí,
mo kà á, mo dá a padà sáyè rẹ̀.
Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi o.

Ó san owó ẹ̀dà, owó wẹ́wẹ́ ló kà.
Ó ní kí n fi píìnì kan ṣoṣo gún méjèèjì pọ̀,
tòkè lókè, tìsàlẹ̀ nísàlẹ̀,
kí èyí àkọ́kọ́ má tún dá rìn mọ́.
Mo gún un. Ó fà á wò bóyá ó dúró.
Ó dúró.
Ó tì í bọ abẹ́ ẹ̀wù, ó jáde lọ bá onílé.

Omi bàtà rẹ̀ kù nílẹ̀. Mo lọ mú àkísà.