Fi Orúkọ Pè É

Ní Klaksvík òjò kì í rọ̀ wálẹ̀,
ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà wọlé, ó ń gbá fèrèsé létí.
Oṣù Kejìlá. Aago mẹ́ta ọ̀sán, ilẹ̀ ti ṣú.
Rannvá gbé ife kọfí lé orí ìwé owó-orí,
ó fi èjìká di fóònù mú:
"Ẹ tún un sọ, Bàbá Hanus. Kí lẹ tẹ̀?"

"Mo gbàgbé ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé mi.
Inú bí mi, mo tẹ orúkọ ọkọ̀ mi,
Másin, ẹyẹ etí òkun.
Ilẹ̀kùn sì ṣí."

Rannvá kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú mi.

Ìkànnì wa ni àwọn apẹja fi ń wo iye tí ẹja wọn pa.
Ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, ìlà kan ṣoṣo la dì í sí:
orúkọ, ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé, ìlú, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà báńkì,
odidi ọmọ ènìyàn, a rún un mọ́ra,
a fi àmì wẹ́wẹ́ há a láàárín
bí ẹni rọ aṣọ òtútù sínú àpótí tí kò fẹ́ dé.
Ọ̀rọ̀ náà, a ò tilẹ̀ lọ̀ ọ́ kúnná;
bó ṣe jáde lẹ́nu olówó rẹ̀ la ṣe tọ́jú rẹ̀.
Ìtìjú ni. Mo ń sọ ọ́ kí n tó gbàgbé pé ìtìjú ni.

Heini tó kọ kóòdù náà ti kó lọ sí Aalborg,
ó ń sin ajá níbẹ̀.
Ohun tó kọ kò ju èyí lọ:
tú ìdì, ka ení, ka èjì,
èyí tó jókòó síkejì, òun ni kọ́kọ́rọ́.
Kò bèèrè orúkọ. Ìjókòó ló kà.

Lọ́jọ́ Ajé, alága ní ká fi orúkọ ọkọ̀ kún un.
Èmi ni mo fi kún un.
Mo fi ọkọ̀ ti olówó rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́,
torí ta ló ń ya ọkọ̀ nípa lára apẹja?
Mi ò mọ̀ pé bí àlejò kan bá jókòó
gbogbo ará ilé á sún.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko,
kọ́kọ́rọ́ gbogbo èbúté wà ní imú ọkọ̀,
ọ̀dà funfun, lẹ́tà gàdàgbà,
ọmọdé tó ń lá súwíìtì lè kà á láti orí afárá.

A ṣí àkọsílẹ̀ ẹnu-ọ̀nà.
Olè kankan kò wá.
Ṣùgbọ́n èèyàn mọ́kànléláàádọ́rin
tó tẹ ọ̀rọ̀ tiwọn gan-an, láìṣì í,
la dá padà lẹ́nu ilẹ̀kùn.
Birita tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Óli tẹ̀ ẹ́ títí di òru.
Kò sẹ́ni tó pè wá.
Wọ́n rò pé ọpọlọ àwọn ló ti ń jò.
Ẹni tó gbàgbé lóòótọ́ nìkan ló wọlé.

Rannvá pa eéjì rẹ́.
Ó kọ orúkọ síbẹ̀, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn.
"Ẹni tó wà lórí àga lè dìde," ó ní.
"Pè é lórúkọ, á dáhùn níbi yòówù kó wà."
Ọjọ́ ìbí, báńkì, ìlú, kò fọwọ́ kàn wọ́n;
ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ kì í da àpótí ìyá rẹ̀ sílẹ̀.
Ó lọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà kúnná kó tó sùn.
Èmi ni mo kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀, mọ́kànléláàádọ́rin:
Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ gbàgbé.

Láàárọ̀, fóònù dún.
"Ọmọ mi, ọkọ̀ mi kò ṣílẹ̀kùn mọ́. Ṣé ó rì ni?"
"Kò rì, Bàbá Hanus. Ẹ yan ọ̀rọ̀ tuntun, ẹ má sọ ọ́ fún..."
Ó ti sọ ọ́.
Orúkọ àgùntàn kan ni.
Gbogbo òpópónà wa ló mọ àgùntàn náà.