Ìdajì Ìṣísẹ̀

Òṣómàáló ni bàbá tó bí mi lọ́mọ.
Ó mọ bí a ti í ṣó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè
láti ìdájí títí oòrùn fi wọ̀,
tí orúnkún kò ní gbọ̀n,
tí ẹnu kò sì ní bú ọmọ ẹlòmíì.
Nítorí náà, lọ́jọ́ tí Tísà Fádugbà ní ká ṣó sórí ìlà,
ara mi ti ń ṣó kí etí mi tó gbọ́.

Ìdíje àwọn ilé-ìwé gírámà, ní pápá ìṣeré Iléṣà.
Òjò àná ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìlà ẹfun rẹ́.
Irinwó mítà; ọmọbìnrin mẹ́fà.
Ìlà kẹta ni tèmi.
Ìlà kẹrin, Ibíyẹmí ará Ìbòdì,
tí ó fi okùn ráfíà di irun rẹ̀ sẹ́yìn ọrùn.

Ìbọn dún.
Mo sáré bí ẹni tí ayé jẹ lówó.
Ní kọ́nà ìkẹyìn, mo ń gbọ́ èémí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi,
lẹ́yìn náà n kò gbọ́ ọ mọ́, ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ ni mo ń wò.
Ìdajì ìṣísẹ̀ ni ó fi ṣáájú mi.
Ìdajì péré. Ibi tí àtàǹpàkò mọ.

Wọ́n gbé ife tó ń dán fún un.
Wọ́n fún mi ní ìwé ìkọ̀wé méjì àti pẹ́ńsù kan.
Bàbá mi wo pẹ́ńsù náà, ó ní, "Gbèsè nìyẹn."
Bí mo ṣe ṣó sẹ́nu ọ̀nà gbèsè náà nìyẹn
fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Mo lọ́kọ, mo bímọ, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Ìsọ̀kùn,
mo ń kọ ohùn kejì nínú ẹgbẹ́ akọrin.
Ṣùgbọ́n bí oníwàásù bá ti fẹnu ba eré ìje
àti adé tí kì í ṣá,
ẹ̀yìn aṣọ Ibíyẹmí ni mo ń rí,
bọ́tìnnì kan tó já níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ kan, ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wa
gbé ọsàn àti ọṣẹ lọ kí àwọn aláìsàn ní Wẹ́sílì.
Bẹ́ẹ̀dì tó kángun sí fèrèsé:
aṣọ ìbora ga lápá kan, ó tẹ́ pẹrẹsẹ lápá kejì.
Àtọ̀gbẹ ni, wọ́n ní.
Òun ló kọ́kọ́ dá mi mọ̀.
"Ìlà kẹta," ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín.
Mo bi í léèrè ife kí n tó bi í léèrè ara.
Ojú ń tì mí láti sọ ọ́.
"Ife wo? Èyí tí ìyá mi fi ń wọn gaàrí
títí ìdí rẹ̀ fi lu?"

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni dókítà gé.
Ẹ̀ṣẹ̀ ni ó yẹ kí wọ́n gé lára tèmi.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, oorun kò wá.
Mo kúnlẹ̀, mo ní, Jésù, ta ni mo ń lé láti ọjọ́ yìí?
Kò fọhùn.
Àfi ẹsẹ̀ Rẹ̀ nìkan tó ń sọ sí mi lọ́kàn:
ẹsẹ̀ tí a kàn mọ́gi,
tí kò lè ṣí, áḿbọ̀sì kó sáré,
òun náà ló ṣáájú gbogbo wa délé.
Mo dìde níbi tí mo ṣó sí.
Orúnkún mi dún.

Lọ́jọ́ Ìsinmi báyìí, èmi ni mo ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀
gun òkè Ìmọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.
Táyà kan ń ké bí ọmọ adìyẹ.
A kì í tètè dé; wọ́n á ti kọ orin àkọ́kọ́ tán,
aṣọ́nà á máa wo aago lójú wa.
Bí mo bá dúró mí, á fọwọ́ lu apá kẹ̀kẹ́:
"Ìlà kẹta, wọ́n ti yìnbọn o!"

Ife ni mo sáré sí nígbà náà.
Ìfẹ́ kò sáré; ó dùbúlẹ̀ dè mí lẹ́bàá fèrèsé.
Tí a bá dẹ́nu ọ̀nà, táyà iwájú ní í kọ́kọ́ wọlé,
ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo lórí irin,
kí tèmi tó tẹ̀ lé e.
Ìdajì ìṣísẹ̀ ni ó tún fi ń ṣáájú mi.