Ẹnu Aláwọ̀ Ọsàn

Ìbídàpọ̀ gbé e wá nínú páálí bàtà,
ó fi táwẹ́ẹ̀lì wé e bí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ.
"Bùrọ̀dá, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.
Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù ká ya fíìmù wa lẹ́sẹ̀ Òkè Ìmọ̀,
ìbọn ọ̀gá olè kò sì gbọdọ̀ máa wúkọ́."

Aago lèmi ń tún ṣe ní Òkèṣà yìí,
aago àti ìṣáná onígáàsì.
Mo gbé e lé àtẹ́lẹwọ́.
Ó wúwo ju bí ojú ti rí i lọ:
irin lẹ́yìn, ike nídìí,
àpò ọta rẹ̀ tutù bí imú ajá.
Mo rọ gáàsì ìṣáná sí i lábẹ́, mo gbé etí lé e:
ṣììììì,
bí ejò tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ.
Ó ń jò.

Mo to agolo mílíìkì mẹ́fà sórí fẹ́ǹsì ẹ̀yìnkùlé.
Ọta àkọ́kọ́, agolo ṣubú, ẹ̀yìn ìbọn já padà, gbàgà!
Ó tàpá sí mi lọ́wọ́ bí ọmọ ewúrẹ́ tí a dì mú.
Èmi ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, mo rẹ́rìn-ín.
Ìkejì fo agolo kọjá, ó ba ewé ìbẹ́pẹ.
Ìkẹta já bọ́ síwájú bàtà mi,
bí itọ́ arúgbó tí eyín ti tán lẹ́nu rẹ̀.
Ọyẹ́ wà níbẹ̀, mo mọ̀. Gáàsì pàápàá ń gbọ̀n láàárọ̀ Ṣẹrẹ.
Ṣùgbọ́n a kì í di gbogbo ẹ̀bi ru ọyẹ́.

Mo tú u palẹ̀ sórí aṣọ funfun.
Òrùka rọ́bà ìdí fáàfù ti gan bí èèpo ọsàn gbígbẹ;
mo yọ ti ògbólógbòó ìṣáná kan fi rọ́pò rẹ̀, ó ṣe rẹ́gí.
Sípíríǹgì ti dẹ̀;
mo rí èyí tó le nínú ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó mi
(kò tíì mọ̀).
Rọ́bà wínníwínní inú ọ̀fun rẹ̀,
èyí tí í fún ọta ní ìyí kó lè pẹ́ lófuurufú,
mo fi sípíríìtì fọ̀ ọ́, mo yí i díẹ̀,
díẹ̀ sí i,
títí ọta fi ń lọ tààrà bá agolo kẹfà.
Ìbídàpọ̀ fẹ́ da òróró ẹ́ńjìnnì sí i. Mo gbá a lọ́wọ́.
Òróró ẹ́ńjìnnì a máa jẹ rọ́bà bí ikán.
Sílíkónì, ẹ̀kán méjì, ó tó.

Bàbá mi rọ ṣakabùlà n'Íjámọ̀.
Ó máa ń ní, "Ìbọn òfo kò sí láyé.
Ẹni tó dojú rẹ̀ kọ ènìyàn ti yìn ín tán."

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀, iná dé lójijì.
Mo wà nídìí fèrèsé, mò ń fojú ìbọn wá iṣó ara ògiri,
òjìji mi na ọwọ́ gbọọrọ lára kọ́tìnì.
Màmá Ọ̀ṣúnníyì ké láti òdìkejì títì:
"Olè o! Wọ́n ti wọlé Bàbá Aláago!"
Kí n tó sọ nǹkan náà sílẹ̀, ẹ̀ṣọ́ àdúgbò ti dé.
Láṣeéǹdé, ẹni tí mo tún aago rẹ̀ ṣe láìgbowó,
dojú ṣakabùlà kọ mí láyà.
Mo rí àmì tó wà lára irin rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀:
ẹja kékeré méjì, ìrù sí ìrù.
Iṣẹ́ Bàbá mi ni.

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín nígbẹ̀yìn. Orúnkún mi kò bá wa dá sí i.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo yá ọ̀dà èékánná ọmọbìnrin mi,
aláwọ̀ ọsàn, èyí tó ń dáná lójú,
mo kùn ún yí ẹnu ìbọn ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
Ìbídàpọ̀ fajú ro: "Bùrọ̀dá, yóò hàn nínú fíìmù!"
Mo ní kí wọ́n fi dúdú bò ó bí wọ́n bá débẹ̀,
kí wọ́n nù ún kúrò kí wọ́n tó wọ títì.
Owó iṣẹ́ ku ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà.
Ìjẹ̀ṣà ni wá;
mo mọ bí a ṣe ń lóṣòó dè é.