Alẹ́ Ọjọ́ Àìkú ní Llanelli

Òjò ń rọ̀ bó ṣe máa ń rọ̀ ní Llanelli.
Òkú kan wà nínú tẹlifíṣọ̀n,
ó dojú délẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan ti sọnù.
"Ọkọ ni," Emrys wí, kí ọlọ́pàá tó yọjú.
"Ọkọ náà ni lójoojúmọ́," Delyth fèsì,
"ọdún mẹ́rìndínlógójì rèé nílé ọkọ, mi ò tíì kú."
Bísíkíìtì rì sínú tíì, kò sẹ́ni tó yọ ọ́.
Àṣírí tú: àbúrò ìyàwó ni,
ẹni jẹ́jẹ́ tó ń ta òdòdó.
Emrys ní òun ti fura sí òdòdó yẹn látàárọ̀.
Irọ́ ni.

Ó kan kásẹ́ẹ̀tì,
èyí tí wọ́n fi bírò yí okùn rẹ̀ lọ́dún tí wọ́n pàdé,
nígbà tí irun Emrys ga ju ti Delyth lọ,
tí àwọn méjèèjì ń lé tìróò.
Dùùrù oníná ké;
ìlù ẹ̀rọ ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé.
Orúnkún Delyth dún kò, ti Emrys gbè é.
Kọ́tìnì ṣí gbayawu.
Aládùúgbò tó bá fẹ́ wò, kó wò:
kò sí òkú níbí.